Ọwọ́ Kò Tíì Kan Etí

Òórùn òrí tí wọ́n pò mọ́ aáyù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé kan ní Adelphi, ní Maryland l'Amẹ́ríkà, nígbà tí mò ń ka ìwé ní yunifásítì tó wà ní College Park nítòsí ibẹ̀. Mo háyà yàrá kan lọ́dọ̀ màmá kan tó jẹ́ ará Ọ̀yọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́nà jíjìn. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yunifásítì, tí òtútù ti gbá mi lójú dáadáa, tí òórùn yẹn sì bá mi ní kọ́rídọ̀, ara mi á balẹ̀. Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá ń gún aáyù, Màmá ni mo máa ń rántí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Màmá fi ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Wọ́n fẹ̀yìn tì, inú wọn dùn, àfi bí rọpárọsẹ̀ ṣe mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn. Ẹni tó ń gbé èèyàn wá di ẹni tí à ń gbé. Ètò ìrànwọ́ kan wà nígbà náà tó máa ń fún irú wọn ní ẹni tí yóò wá wẹ̀ fún wọn, tó sì máa ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ láti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹni tí àìsàn bá mú kó tó pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, yóò máa jẹ àǹfààní ètò náà títí ọjọ́ ogbó. Ẹni tó bá mú lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ máa lo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àìsàn kan náà ló mú obìnrin tó ń gbé òdìkejì wa, kó tó pé ọjọ́ orí náà. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ ń wá gbé e, ojú fèrèsé ni Màmá sì ti máa ń wò ó lọ.

Èmi ni mo bá wọn lọ sí ọ́fíìsì. Obìnrin tó dá wa lóhùn yẹ pásípọ́ọ̀tù wọn wò, ó ní ó dun òun, pé oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí Màmá pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ni àìsàn yìí dé. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, Màmá ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o mọ̀ pé n kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀?"

Màmá ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ọjọ́ tí bàbá àwọn mú ẹ̀gbọ́n àwọn lọ sílé ìwé, àwọn náà tẹ̀ lé wọn. Tíṣà ní kí Màmá náà gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kí wọ́n fi kan etí òsì. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tó tó ilé ìwé í lọ láyé ọjọ́un nìyẹn. Ọwọ́ kò kan etí. Ṣùgbọ́n Màmá ti di aṣọ ẹ̀gbọ́n wọn mú, wọ́n ń ké tantan, ni bàbá bá rọra tẹ orí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ kan etí. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọdún mẹ́fà sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọdún méjì yẹn ló bá wọn dé inú ìwé ẹ̀rí, dé pásípọ́ọ̀tù, tó sì bá wọn dé Maryland. Ká yọ ọ́ kúrò, àìsàn yìí ti mú wọn kí wọ́n tó pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kúkú swear affidavit láti ilé."

"Ta ló máa gbà mí gbọ́? Gbogbo àwọn tó gé ọjọ́ orí wọn torí iṣẹ́, affidavit yẹn náà ni wọ́n gbé lọ. Bàbá mi ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Fi í sílẹ̀ o jàre."

Inú bí mi gan-an ni. Àwọn tó parọ́ ti ba òótọ́ jẹ́ mọ́ ẹni tó ní òótọ́ lọ́wọ́. Ká tiẹ̀ ní wọ́n dàgbà tó bí ìwé ṣe wí, ṣé ẹsẹ̀ tó rọ máa ń béèrè ọjọ́ orí ni? Ìtìjú àìsàn náà kò sì dín kù torí pé ó pẹ́ kó tó dé.

Mo fi kíláàsì ọ̀sán kan sílẹ̀ ní sáà yẹn. Mò ń se ọbẹ̀, tí wọ́n ń bá mi wí pé iyọ̀ pọ̀ jù, mo sì ń fi òrí ra apá wọn. Ọsibítù ní kí wọ́n máa gbé apá náà sókè lójoojúmọ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, kò kọjá àyà. Nígbà tó yá, ó dé èjìká. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí igi ìta ti ń yọ ewé tuntun, ó dé àtàrí, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Màmá wò mí.

"Bá mi tẹ orí díẹ̀."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ rọra tẹ orí wọn sí ẹ̀gbẹ́. Ìka wọn kan etí òsì.

"Ó kàn án! Ọmọ ọdún mélòó ni mí báyìí?"

"Mẹ́fà, Màmá."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọkọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò wá gbé wọn títí tí mo fi kúrò níbẹ̀. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé bàbá wọn ló fi ọdún méjì yẹn kó bá wọn. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ tó ń sunkún ló rí, ó sì wá ọ̀nà kí wọ́n má baà tì í síta. Ó dùn mí pé ní ọ́fíìsì ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó bá wọn tẹ orí.