Awọ Ara Àbúrò Mi Lábẹ́ Gíláàsì

Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó sọ ohunkóhun, torí àwọn kan wà ní àdúgbò wa ní Lotto tí wọ́n ṣì ń sọ ọ́ bí a bá ti kọjá tán. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Mo ti fi ojú ara mi rí ohun tó jẹ́. Àwọn ò rí i.

Irun ni àbúrò mi obìnrin ń dì, níwájú ilé tí àwa méjèèjì àti màámi yá gbé. Èmi, táìsì ni mò ń lẹ̀. Ilé tó ń yọ bí olú ní Mowe àti Ìbàfò ò jẹ́ kí iṣẹ́ wọ́n wa. Ìgúnpá rẹ̀ ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó funfun, ó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n. Ó ra ìpara lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, nǹkan náà lọ. Ó tún padà, ó sì dé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìpẹ́ yẹn já bọ́ sí èjìká obìnrin kan tó ń dirun lọ́wọ́. Obìnrin náà fi ààbọ̀ orí dìde, ó wé gèlè lé e, ó bá tiẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Bàbá onílé pè mí.

"Ọmọ mi, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹlẹ́tẹ̀ sínú ilé. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ wá ibòmíì."

Mo ní, "Bàbá, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

"Bí dókítà bá ní ẹ̀tẹ̀ ni, èmi fúnra mi á kó ẹrù wa jáde. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, a ò lọ síbì kankan."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ó dáa. Mò ń retí ẹ."

Ilé ìwòsàn kan ní Ifọ̀ ni mo mú un lọ. Dókítà awọ ara tó wà níbẹ̀ yẹ ọwọ́ náà wò, ó fi abẹ́rẹ́ kàn án níbi gbogbo, ó ń bi í bóyá ó dùn ún. Ó ní ìpara tí a ti fi pa á ti da ojú ẹ̀ rú, pé ó lè jẹ́ làpálàpá, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, ojú nìkan ò sì tó. Ó gún ibẹ̀ lábẹ́rẹ́ kó má bàa dùn ún, ó gé díẹ̀ ní ìgúnpá ọ̀tún, bí ẹyọ ẹ̀wà kan, ó sì rán an. Ó fi ẹran náà sínú ìgò kékeré tí oògùn wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ará ilé aláìsàn ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹran dé ibi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbàfò ni wọ́n darí mi sí. Dókítà ní, "Má ṣí i o."

Kí a tó gba Sango àti Bẹ́ájà dé Ìbàfò, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Mo gbé ìgò náà wálé.

Màámi ló gbọ́ òórùn ẹ̀. Wọ́n gbé ìgò sún mọ́ imú, ojú wọn yí padà. Òórùn yẹn ló pàdé wa ní mọ́ṣúárì nígbà tí a lọ gba òkú bàbá wa.

"Oògùn òkú! Oògùn òkú ni wọ́n fi ẹran ara ọmọ mi sí? Ọmọ tó wà láàyè, tó ń mí?"

"Màámi, dókítà ní ká má ṣí i."

"Ṣé dókítà ló bí i?"

Òróró tí wọ́n gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ wọn ń yọ̀, ìdérí ò ṣí. Wọ́n na ìgò náà sí mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Mo ṣí i. Wọ́n da oògùn nù sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì fi òróró kún ìgò náà dẹ́nu.

Dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò ní Ìbàfò, ìyá àgbà kan tó wọ jígí méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, tú ìgò náà wò.

"Ta ló fẹ́ dín in?"

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti rà, pé oògùn tí a dànù yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, wọn ò sì ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé òmíràn.

Mo sọ fún àbúrò mi.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ṣí i?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Apá òsì ṣì wà." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Àpá méjèèjì wà lára ẹ̀ títí dòní. Ọ̀kan nínú wọn, tèmi ni.

Ìgò kejì ò délé. Láti Ifọ̀, ọwọ́ dókítà Ìbàfò ni mo gbé e lé tààrà. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n na ìwé sí mi, mi ò gbà á.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i. Wọ́n máa bi mí nílé, mi ò sì fẹ́ sọ pé wọ́n ní."

"Ìwé mélòó lo kà?"

"Mi ò parí sẹ́kọ́ńdìrì. Táìsì ni mò ń lẹ̀."

"Wá jókòó."

Mo gbé ojú lé máíkírósíkóòpù. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni awọ ẹlòmíràn tí kò ní àrùn. Oríṣìí àwọ̀ méjì ni, bí òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú àti elésè àlùkò. Nísàlẹ̀, àwọn kóró dúdú tò bíi búlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń tẹ́ pẹrẹsẹ, títí wọ́n fi di ìpele fẹ́lẹ́ lókè tí kò ní kóró kankan mọ́. Mo ní, "Mà, táìsì rèé." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá fi ti àbúrò mi sí i. Ó nípọn! Ìpìlẹ̀ rẹ̀ rì wọnú ilẹ̀ bí ìka ọwọ́, gbogbo ìka náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba. Nínú ìpele òkè, kóró ṣì wà. Wọ́n ní ara ń yára jù, ó ń ti awọ sókè kó tó gbó. Èmi ti bá kọngílá tó ń kánjú bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, tó ní ká máa rìn lórí táìsì tí sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ ò tíì gbẹ. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣí.

"Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́, mà?"

Wọ́n gbé gíláàsì òmíràn sí i, ti ẹlòmíràn. Níbẹ̀, nǹkan kóra jọ lọ́wọ̀ọ́wọ́ yí okùn tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé iná gbóná ká, bí èèrà ṣe ń bo egungun. Wọ́n dá ti àbúrò mi padà. "Wá a níbí." Mo wá a títí. Kò sí. Wọ́n fi ti làpálàpá hàn mí náà, òwú tín-ín-rín pupa nínú ìpele òkè. Ìyẹn náà ò sí lára tiẹ̀.

"Sọráyásíìsì ló ń jẹ́. Kì í ràn. Ṣùgbọ́n kì í lọ pátápátá. Á máa lọ, á máa bọ̀, oògùn á máa rọ̀ ọ́. Ẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù yẹn gan-an, oògùn rẹ̀ wà. Sọ ìyẹn fún wọn pẹ̀lú."

Mo sọ ọ́. Bàbá onílé ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ìwé náà.

"Ìwé wo ni wọn kì í rà ní Nàìjíríà yìí?"

"Bàbá, mo wò ó fúnra mi."

"Ìwọ, onítáìsì?"

"Èmi, onítáìsì. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ẹ̀yin náà á wò ó."

Wọn ò lọ. Wọ́n ṣe bí ẹni tó ń rò ó. "Ó dáa, ẹ máa gbé. Ṣùgbọ́n kó máa fi ìbọ̀wọ́ dirun."

Àbúrò mi ti wà lẹ́yìn mi, mi ò mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọ̀ ọ́. Nǹkan tí kì í ràn, mi ò ní bò ó."

Ó gbé àpótí rẹ̀ síta, ó ká apá aṣọ dé èjìká, ó jókòó. Ẹnikẹ́ni ò yà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo lọ jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀. Irun mi ti kún, mi ò ráyè gẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Èyí? Kò tó dì o."

"Dì í bẹ́ẹ̀."

Ó fà á, omi dé sójú mi. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá ń hó, "Sìstá, ẹ ṣe é dáadáa o!" Mi ò dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ń kan ẹ̀yìn ọrùn mi, ó rí háràhárà, ó sì gbóná.

Màámi jáde wá. Wọ́n wo bàbá onílé lórí àga wọn, wọ́n wo ojú títì. Wọ́n tú gèlè.

"Dìde níbẹ̀, ó kàn mí."

"Màámi, ẹ jẹ́ n parí tiẹ̀ ná."

Wọ́n fa ẹní wá, wọ́n jókòó tì mí pẹ̀lú orí tí wọn ò bò, wọ́n ń dúró de àyè.