Wo Ilé, Wó Ilé

Ẹni tó bá pe Adéníkẹ́ Akínṣọlá ní akọ̀wé lásán, onítọ̀hún kò tíì jókòó sí ìpàdé ìgbìmọ̀ aláṣẹ káńsù wọn rí. Ọdún méjìlélógún ni Ìyá Tọ́lá, bí gbogbo wọn ṣe ń pè é, ti ń kọ àkọsílẹ̀ níbẹ̀. Alága mẹ́fà ti wá, wọ́n ti lọ lójú rẹ̀. Òun ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò rẹ̀, tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. "Ìyá Alámì" ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, kò sì dùn ún rárá.

Lásìkò òjò èṣí, omi wọ ilé àwọn ènìyàn ní Iba àti Okokomaiko. Ó wọ ilé tirẹ̀ náà, èyí tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi gbé àbá òfin kan kalẹ̀: kí káńsù máa lọ wo gbogbo ilé tó wà létí gọ́tà kí òjò tó dé, kí wọ́n mọ ibi tí omi ti há. Adéníkẹ́ kọ ìkéde rẹ̀ ní Yorùbá, ó fi àmì sí i délẹ̀. Àmọ́ Ayọ̀dèjì, olùrànlọ́wọ́ alága, tí ìkánjú ń yọ lẹ́nu, ní àmì ń fi àsìkò ṣòfò. Ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó sì lẹ ìwé mọ́gboro: KANSU YOO WO ILE TO WA LETI GOTA.

Ta ni yóò rí irú ìyẹn l'Ékòó tí yóò kà á sí "wo"? "Wó" ni gbogbo ayé kà. Kó tó di ọ̀sán, àwọn onílé ti kún ẹnu géètì káńsù.

Lọ́jọ́ kejì, Olóyè Àlàó, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, wọlé ìpàdé. Bàbá yìí ló fa Alága Afọlábí kalẹ̀, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

"Afọlábí, ẹ da òfin yìí nù lónìí, àbí kí ẹgbẹ́ yọwọ́ lọ́rọ̀ ẹ. Ẹni tó kọ ọ́, kó máa lọ sílé ẹ̀."

Alága wolẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ Adéníkẹ́ nìkan ló ń lọ: bí òfin yẹn bá kú, omi tún ń bọ̀ wá bá a lórí ibùsùn. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó sì gbé ojúlówó ìwé rẹ̀ síwájú wọn.

"Ẹ forí jì mí, sà. Èyí tí mo kọ rèé. 'Wo' tí ò lámì, ojú lásán ló fi ń wò. 'Wó' tó lámì lórí ló ń fọ́lé. Nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ lára gbogbo ọ̀rọ̀, báwo la ṣe fẹ́ dá wọn mọ̀?"

"Nítorí àmì tí ò tó hóró ìrẹsì?"

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ bá mi ka ohun tó wà lẹ́yìn yín."

Bánà ẹgbẹ́ ni: E WO ISE WA.

"Ẹ wo iṣẹ́ wa," ni bàbá kà, ó gbé àyà sókè.

"Ẹni tí omi wọlé ẹ̀ lè kà á pé, ẹ wo ìṣẹ́ wa."

Bàbá yíjú padà wo bánà náà, ó wò ó títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ṣí fìlà. "Ìyá Tọ́lá, o mú mi. Àmọ́ ẹ fi sí i pé káńsù ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri ẹnikẹ́ni láìbá onílé jókòó."

Alága gbà, ara tu gbogbo ìgbìmọ̀. Adéníkẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ tàmì-tàmì, òun fúnra rẹ̀ ló sì kà á sétí àwọn onílé. Àwọn kánsẹ́lọ̀ buwọ́ lu òfin náà lọ́sẹ̀ yẹn.

Ilé rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wò. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, òṣìṣẹ́ káńsù fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri: A TI WO ILE YII. Adéníkẹ́ gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àmì kan sórí "ilé", ó fi méjì sórí "yìí". Ó gbé ọwọ́ dé orí "wo", ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá búrọ́ọ̀ṣì padà.