Ẹsẹ Méjìlélọ́gbọ̀n Tí Ìyálé Mi Kò Fò

Kí n tó kí ẹnikẹ́ni kú ọ̀fọ̀, ẹ jẹ́ kí n san ohun tí mo jẹ. Ẹ̀bi ọjọ́ ìdíje àkọ́sórí Bíbélì ní Ayépé, tèmi ni. Kì í ṣe ti Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyálé mi, tí a ń sin lónìí. Èmi Ìyá Délé, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, tí mò ń ta mílíìkì àti ṣúgà nísàlẹ̀ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni mo ṣe àṣìṣe, tí òun fi jẹ́ orúkọ yẹ̀yẹ́ fún odidi ọdún mẹ́rin. Mo ti sọ ọ́, ó sì ti wà nínú ìwé. Ó wá kù kí n kí yín: ẹ kú ọ̀fọ̀ o, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run yóò dẹ ilẹ̀ fún olóògbé.

Ìyálé mi, ta ni yóò tún pè mí ní “Ìyàwó” láti ìdí agbada gàrí, tí n óò fi oníbàárà sílẹ̀ sáré wá? Ó dìgbà o, ẹ̀yin tí Bíbélì wà nínú orí yín, tí kò sí lọ́wọ́ yín.

Ọdún tí mo wọlé, ẹ bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo ka ìwé mẹ́fà tán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé lẹ́tà ni ẹ fẹ́ kí n bá yín kọ, mo sì ti ń ṣírò àkókò tí yóò gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ẹ ní kí n jókòó, kí n ka ẹsẹ Bíbélì kan péré. Ẹsẹ kan péré yẹn ló di ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bí ẹ ṣe ń kọ́ ẹsẹ sórí, kò ní gbàgbé. N óò kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ óò máa yan gàrí, ètè yín óò máa mì. Títí agbada kan yóò fi gbẹ, ẹsẹ kan náà ni. Bí ẹ bá kó gàrí náà kúrò lórí iná, ẹ óò sọ ọ́ sí mi létí, èmi óò sì máa wo ìwé. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá yẹ̀, ẹ óò ní, “Ìyàwó, èyí ò tíì gbẹ. Tún un kà.” Ẹ máa ń sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ pé ẹsẹ Bíbélì kò yàtọ̀ sí gàrí Ìjẹ̀bú: èyí tí a bá kó ní tútù, kí oṣù tó yípo, ó ti bu.

Ẹni tó ń lọ sí kóòtù, ẹ ní ẹsẹ tí ẹ óò fún un. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò, ẹ ní tirẹ̀. Aboyún tí ẹ̀rù ń bà, ẹ óò kọ́ ọ ní méjì, ẹ óò ní kó máa sọ wọ́n lọ bó bá ti ń rìn. Èmi tí mo mọ̀wé, bí mo bá gbàgbé Bíbélì sílé, òfo ni mo bá délé ọlọ́fọ̀. Ẹ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nígbà kan pé, “Ìyàwó, bí eku bá jẹ ìwé rẹ, ìgbàgbọ́ rẹ ti lọ nìyẹn.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa fi fi yín ṣe olórí àkọ́sórí, tí wọ́n sì yàn yín láti ṣojú Ìjẹ̀bú-Òde ní ìdíje Ayépé, ìlú tí wọ́n ti bí yín. Orin Dáfídì ìkọkàndínlọ́gọ́fà ni wọ́n mú, odindi rẹ̀, ẹsẹ mẹ́rìndínlọ́gọ́sàn-án.

Lásìkò yẹn, mílíìkì wọ́n bí ojú. Mo tọ́jú agolo bíi mélòó kan sábẹ́ káńtà pé kí owó rẹ̀ tún lé sí i, Bíbélì mi sì wà níbẹ̀. Agolo kan wú, ó bẹ́, mílíìkì dà sára ìwé. Mo sá a sóòrùn. Mo ṣírò iye tí òmíràn onílẹ́tà gàdàgbà yóò ná mi, mo ní eléyìí ṣì ṣeé kà. N kò mọ̀ pé ewé méjì ti lẹ̀ mọ́ra láàárín orin náà gan-an. Òfin Olúwa ni orin yẹn ń sọ láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo fo ẹsẹ méjìlélọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ṣì bá ọ̀rọ̀ mu. N kì í sì í pe nọ́ńbà ẹsẹ, kí a lè tètè ṣe tán, kí n padà sídìí ọjà mi. Ohun tí mo kà fún yín ni ẹ gbà.

Ní Ayépé, ẹ dúró níwájú àwọn ará ilé baba yín, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu yín bí omi. Obìnrin tó ṣojú ìlú Ibefun, tó ṣáájú yín, kò ka ìdajì. Mo ti ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí ìjókòó. Ni alàgbà tó ń fi ìka tẹ̀lé yín nínú Bíbélì bá nawọ́ sókè, ó ní Màmá ti fò. Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún dé ibẹ̀, ẹ tún gba ibẹ̀ kọjá bákan náà. Wọ́n ní kí ẹ jókòó. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, ẹnìkan ní èéfín gàrí ti dé ọpọlọ Màmá. Ẹlòmíràn pè yín ní Màmá Fò-ó, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ yín. Oṣù yẹn kò parí tí wọ́n fi gba ipò olórí lọ́wọ́ yín.

Ọjọ́ kejì ìdíje, mo ṣí Bíbélì sóòrùn lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, mo ń ka nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i. Ọ̀bẹ ni mo fi la ewé méjèèjì. Mo gbé e wá, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ẹ bi mí ta ni mo ti sọ fún. Mo ní kò sí. Ẹ ní kí n má sọ ọ́. Ẹ ní àwọn tí kò mọ̀wé ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó ń kàwé fún wọn lè fo ojú ìwé, wọn kò ní gba ẹsẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní orúkọ yín ńkọ́.

“Ẹsẹ méjìlélọ́gbọ̀n mi ni mo fẹ́, Ìyàwó. Jókòó, kà á.”

Agbada méjìlélọ́gbọ̀n, a kò dá ọ̀kan sí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ń pe nọ́ńbà.

Ẹ̀yin ẹlẹ́kún, ẹ wá gbọ́ ohun tó mú ara mi yá gágá títí di bí mo ti ń kọ èyí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú ìyálé mi, nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù, tí kò mọ̀ wá rí, ní òun gbọ́ pé Màmá mọ Bíbélì sórí, òun fẹ́ dán an wò. Ó ní kó ka Orin Dáfídì tó gùn jù, ìkọkàndínlọ́gọ́fà yẹn náà. Màmá bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣí Bíbélì tirẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀lé e. Aláìsàn tó ń kérora ní bẹ́ẹ̀dì kejì dákẹ́. Nígbà tí Màmá ń súnmọ́ ibi tí ewé ti lẹ̀ mọ́ra, mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ó wọ ibẹ̀, ó rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń gba ọ̀nà oko baba rẹ̀, ó sì ń bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló mu omi. Nọ́ọ̀sì pa ìwé dé, ó ní, “Màmá, ẹ ò fo ẹyọ kan.” Mo jó nínú wọ́ọ̀dù yẹn títí wọ́n fi lé mi síta.

Ìyálé mi, ẹ má bínú pé mo tú àṣírí. Mo ti ro ti àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá ń kàwé fún ẹlòmíràn, kó máa pe nọ́ńbà ẹsẹ, kí ẹnìkejì tó mọ̀wé sì máa bá a wo ìwé. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin, ohun kan ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ dá ipò olórí àkọ́sórí padà fún Ìyá Bọ́sẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹ kọ ọ́ pé ó wà lórí ipò náà títí dọ́jọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí, Bíbélì tí mo fi ọ̀bẹ là wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì mọ wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ sùn re o, ìyálé mi, olùkọ́ mi tí kò mọ̀wé. Bọ́sẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ẹ má wẹ̀yìn. Ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé ti ìdúpẹ́, ẹgbẹ́ yóò pàdé lẹ́yìn ìsìn. Ọjọ́ náà ni mo ń retí èsì, iwájú ni n óò sì jókòó sí.