Táwẹ̀lì Tó Pẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Òórùn gbodo, iṣu bíbọ̀ tí wọ́n sá sórí àpáta kó lè gbẹ, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá wọ àgbàlá wa ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òórùn tó kan díẹ̀, tó máa ń wọ aṣọ, tí ọṣẹ kì í tètè lé lọ. Ẹ̀yìn àpáta yẹn ni mo da iyanrìn sí, mo tẹ́ fóòmù àlòkù lé e lórí, mo fi aṣọ ràbà tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ ẹrù bò ó, mo bá ní mo ti dá ibi ìkọ́jà sílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń sá gbodo a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Kóòṣì, èwo nínú àwọn ọmọ tó ò ń kọ́ níjà lo tún fẹ́ fi sínú àgò adìyẹ lọ́tẹ̀ yìí?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi bí ọjọ́ ìjà bá ti ń sún mọ́lé.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà kúkú rántí ìgbà tí mo ń jàkadì. Láti Ìgbòho títí dé Ìsẹ́yìn, ìlú tí mi ò ti fi ẹ̀yìn ọkùnrin kan lélẹ̀ kò pọ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi. Àgbẹ̀ oníṣu ni, òun náà sì jàkadì nígbà èwe rẹ̀. Òfin kan wà tó fi sí mi létí ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ní, "Ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, ìjà tán nìyẹn. Fi í sílẹ̀, kó o fà á dìde." Lọ́dọ̀ tiwa, bí o bá dá ẹnì kan tí o ò nawọ́ sí i, àwọn àgbà á kàn máa wò ọ́ ni, wọn ò ní kí ọ kú oríire.

Ìwà yẹn ni mo gbé wọnú ìjà tuntun tó dé yìí, èyí tí wọ́n ti da ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti gídígbò pọ̀, tí wọ́n ń jà nínú àgò onírin. Ìjà àkọ́kọ́ àti èkejì, ẹ̀ṣẹ́ ni mo fi borí. Ní ìkẹta, mo gbé ọkùnrin kan, mo fi í lélẹ̀ gbì, èrò pariwo, mi ò sì mọ ìgbà tí ọwọ́ mi yọ lára rẹ̀. Mo na ọwọ́ ọ̀tún sí i kí n fà á dìde. Ó gba ọwọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a mọ́ àyà, ó sì ṣẹ́ ẹ ní ìgúnpá. Kò rú òfin kankan, èmi ni mo gbé òfin ìlú wa lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Títí dòní, ọwọ́ yẹn ò nà tán.

Bí mo ṣe di kóòṣì nìyẹn. Nínú àwọn tí mo ń kọ́, ọmọbìnrin kan láti Komu ló mọ̀ ọ́n jù, ọmọ àáfà kan tó ń gbin iṣu àti àgbàdo. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó wá. Nígbà tó gbà níkẹyìn, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún mi: "Bí mo ṣe fi í lé yín lọ́wọ́ yìí, kẹ́ ẹ dá a padà bẹ́ẹ̀." Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ iyanrìn, ó dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó tú ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ kó fà á dìde. Àyà mi já. Mo pariwo mọ́ ọn bí ẹni pé ilé ló ń jó.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló máa sá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbógun ti ọwọ́ ọmọ yẹn. Mo ní, "Má fi í sílẹ̀, àfi bí rẹfirí bá fọwọ́ kàn ẹ́." Bó bá fi ẹni tó dá sílẹ̀, yóò gbé àpò iyanrìn yí àpáta ká. Nígbà kan tí mo sọ fún un láàárín ìdánrawò pé ó tó, ó tú ọwọ́, mo tún bá a wí. Mo ní kódà bó bá gbọ́ ohùn mi, kó má fi í sílẹ̀, nítorí àwọn ará òdìkejì lè sín ohùn mi jẹ. Ó wò mí. "Kóòṣì, ojú ń tì mí. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń na ẹni tó ti sùn." Mo gbé ìgúnpá mi sókè sí i. "Wo èyí dáadáa," ni mo wí, "kó o wá sọ fún mi bóyá ojú ṣì ń tì ẹ́." Ọdún méjì gbáko la fi ṣe é bẹ́ẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tú.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n gbé ìdíje ìpínlẹ̀ wa sí, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, nínú gbọ̀ngán tí ooru rẹ̀ ń mú gbogbo wa láàgùn bí ẹni tó bọ́ sódò. Ẹni tó bá borí nínú àwọn obìnrin ló máa lọ sí Àbújá fún ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọmọbìnrin kan láti Ṣakí ni wọ́n fi ko tèmi, ìyá rẹ̀ sì jókòó lápá ọ̀dọ̀ wa, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, rẹfirí pe àwa kóòṣì méjèèjì, ó tún òfin táwẹ̀lì sọ: ẹni tó bá ju tirẹ̀ sínú àgò ti dá ìjà dúró, ọmọ tirẹ̀ ló sì fìdí rẹmi, ohun yòówù kó fà á. Mo gbé tèmi kọ́ èjìká.

Ní abala kẹta, ọmọbìnrin Komu gbé ti Ṣakí, ó dá a sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ní ọ̀dọ̀ mi gan-an, ó bọ́ sí i lẹ́yìn, ó sì fi apá wé e lọ́rùn. Ọwọ́ kan ti Ṣakí há sábẹ́ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ tọmọ mi há èkejì mọ́lẹ̀, ìka rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Mo rí ìka náà tó ń lu ilẹ̀ tó, tó, tó, èyí tí í ṣe pé mo gbà, ẹ tú mi sílẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ mi ni rẹfirí ń wò, kò rí i. Ìyá tó ń fa tẹ̀sùbáà kò rí i. Èmi nìkan ni mo rí i, mo sì rí i tí ìka náà dákẹ́, tó là sílẹ̀ bí ọwọ́ ọmọ tó sùn lọ.

Mo kígbe, "Fi í sílẹ̀!" Ojú ọmọ mi ṣí sí mi. Ó gbọ́ mi, ọ̀rẹ́ mi. Ó gbọ́ mi, ó sì tún fi apá fún ọrùn náà mọ́ra, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Táwẹ̀lì ti wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Mi ò jù ú. Mo ní rẹfirí á rí i báyìí. Mo ro Àbújá, mo ro ìgúnpá mi. Mo mí. Rẹfirí ò yí padà. Mo tún mí. Mo mí lẹ́ẹ̀kẹta, kí n tó ju táwẹ̀lì náà kọjá orí irin.

Rẹfirí sáré wọlé, ó fọwọ́ kan ọmọ mi léjìká, ọmọ náà sì tú ọwọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú, ó sì rí ojú ẹni tó wà nílẹ̀. Ẹ̀rín náà kú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, bó ṣe máa ń ṣe kó tó wá sọ́dọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó gba ọwọ́ náà. Dókítà tì í sẹ́yìn. Ìyá ọmọ Ṣakí ti dìde, ó di irin mú, ó ń wo àyà ọmọ rẹ̀ bóyá yóò gbéra. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé mo ń bẹ Ọlọ́run, mi ò sì rí ohun tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ọmọ náà wúkọ́. Wọ́n gbé e jókòó, rẹfirí sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè pé òun ló borí.

Kí a tó kúrò nínú ọgbà, àwọn ènìyàn ti ń kí mi. Wọ́n ní ọmọlúàbí ni mí, pé kóòṣì mélòó ló lè sọ Àbújá nù nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Mo ń dáhùn, "A dúpẹ́." Mo ti fẹ́ máa gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọbìnrin Komu kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Mo rò pé inú ló ń bí i nítorí ìjà tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti to ọ̀rọ̀ ìpẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ ló ti yíjú sí mi. "Kóòṣì, ìgbà wo lẹ rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ti dákẹ́?"

Mo lè purọ́. Mo ní, "Mo mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó ju táwẹ̀lì."

Ó ń tú ìdè ìbòrí rẹ̀. "Èmi ò mọ̀," ló wí. "Ẹ̀yin mọ̀." Ó kúnlẹ̀ fún mi lórí orúnkún méjèèjì, bí ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ṣe ń kí àgbà, ó sì wọlé lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sílé. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni òfin bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo rò pé nítorí ẹni tó ṣubú ni wọ́n ṣe ṣe é, pé ojú àánú ni. Ẹni tó wà lókè ni bàbá mi ń ṣọ́. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́ lókè jù, ohun kan ń kúrò lára rẹ̀ tí ìṣẹ́gun kì í dá padà. Ọkùnrin tó ṣẹ́ apá mi, egungun nìkan ló ṣẹ́. Ẹ̀rù tó fi sílẹ̀ lára mi ló wá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó padà wá, mi ò kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe mọ́. Ó kọ́ ara rẹ̀. Yóò di ẹni tó dá mú, yóò máa fetí sí èémí rẹ̀, bí ẹni náà bá ti lu ilẹ̀ yóò tú u, yóò sì fà á dìde. Gbogbo àwọn yòókù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, àwọn ìyá orí àpáta sì ń rẹ́rìn-ín pé ìjà wo ni èyí tí wọ́n tún fi ń kíra wọn. Èmi ṣì ni mo ń tẹ̀ lé e lọ síbi ìjà. Ṣùgbọ́n kó tó wọ àgò, kì í wo ojú mi mọ́ bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tí mo fi di táwẹ̀lì mú ló máa ń wò.