Àwọn Lẹ́tà Wẹ́wẹ́ Tí N Kò Kà fún Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlàrè, èmi nìkan ló mọ̀wé kà nínú ilé wa, bẹ́ẹ̀ ìwé kẹrin péré ni mo wà. Ẹ̀yin ọmọ òní, lẹ́tà tó bá dé, èmi ni mo ń kà á. Ìwé ilé ìwòsàn, èmi náà ni. N kò gbọdọ̀ sọ pé kò yé mi. Wọ́n á ní kí ni mo wá ń lọ ṣe nílé ìwé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá mi gbé agolo oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó wálé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo ka èyí tó tóbi lókè, mo sọ iye omi tí wọ́n á bù sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀, ìlà mẹ́fà, n kò sì lóye ọ̀kankan.

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo akọ̀wé mi! Ó ń kàwé bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà."

Kò bo imú, kò bo ojú lọ sóko. Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé e wálé, ó ń bì, ojú rẹ̀ wú. Kò kú, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fo ìlà mẹ́fà yẹn.

Lónìí, ọmọ mi obìnrin jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, níbí ní Ifẹ̀. Bí a ṣe ń kọ ìwé tí èèyàn máa fi ṣiṣẹ́ ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ìjábọ̀, lẹ́tà ọ́fíìsì, àlàyé ara agolo oògùn. Fún ìwádìí rẹ̀, ó máa ń dúró ti àwọn àgbẹ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n bí wọ́n ṣe ń po oògùn, á máa ṣọ́ ibi tí wọ́n kà àti ibi tí wọ́n fò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó má lọ mọ́. "Mọ́mì, mo bo imú mi o." Mo ra ìbomú mẹ́ta sínú báàgì rẹ̀. Kí ni mo tún lè ṣe?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé àlàyé tuntun fún oògùn kòkó, tó fi Yorùbá kọ, wá bá mi. "Ẹ bá mi kà á. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ wí. Ẹ má kàn mi orí fún mi bíi tàwọn àgbẹ̀ yẹn o! Bí kò bá yé èèyàn, ẹni tó kọ ọ́ ló jẹ̀bi."

Ayé ti yí padà. Ìkìlọ̀ pé kí èèyàn bo imú àti ojú, èyí tí n kò lóye nígbà náà, ti kúrò nísàlẹ̀, òun ló ṣáájú, ó tóbi gàdàgbà, olùkọ́ sì ń bẹ èèyàn pé kó sọ ohun tí kò yé e. Nígbà tèmi, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ó tán, Mọ́mì?"

Ó ti tán tipẹ́, kò sì síbi tí kò yé mi. Mo tẹjú mọ́ ìwé náà, mo ń ṣe bí ẹni tó ṣì ń kà á, ojú òsì bàbá mi ni mo ń rò.