Eré Kan Tó Wà Lọ́rùn Màmá Sùúrù

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn kankan wà níbí?"

Ìbéèrè tí awakọ̀ akẹ́rù kan kọ ránṣẹ́ sí Màmá Sùúrù nìyẹn, lọ́sẹ̀ kejì tí eré tuntun iléeṣẹ́ wọn jáde. Iṣẹ́ obìnrin náà ni láti máa dá àwọn tó ń ṣeré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóhùn. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi gba tẹlifóònù ní ọsibítù kó tó débẹ̀, kò sì sí lẹ́tà tó kọ tí kì í fi "ẹ ní sùúrù" parí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti mú orúkọ fún un.

Eré ọkọ̀ wíwà ni. Ọkọ̀ ojú omi méjì ló ń bára wọn díje, èèyàn márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kálukú nínú ilé tirẹ̀. Bí wọn ò bá pé mẹ́wàá, ọkọ̀ ò ní kúrò ní èbúté. Awakọ̀ yìí ti jókòó sí èbúté lẹ́ẹ̀mẹfà, kò tíì fọwọ́ kan omi. Màmá kọ èsì: "A jẹ yín ní eré kan. Mo fọwọ́ sọ̀yà, ẹ ó ṣe é. Ẹ ní sùúrù."

Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e mì padà. Ó mú ìwé kékeré kan, ó ń kọ iye àwọn tó wà ní èbúté sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó fà á. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ọ̀gá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í sinmi, rò pé odò kan ṣoṣo ló sú wọn. Ó ní kí wọ́n ṣe odò mìíràn kún ti àkọ́kọ́, títí odò fi di méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èbúté tirẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, èèyàn mẹ́rìndínlógójì ló jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, márùn-ún níbí, mẹ́fà lọ́hùn-ún, kò sì sí ọkọ̀ kan tó ṣí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì pín ọwọ́ náà sọ́nà méje. Ẹni tó bá fi ogún ìṣẹ́jú dúró lásán kì í padà wá, àìpadàwá rẹ̀ a sì sọ ìdúró ẹlòmíràn di ọgbọ̀n.

Màmá wọlé tọ ọ̀gá. Ó ní kó ti odò mẹ́fà pa, kó fi ẹyọ kan sílẹ̀, kó sì dá aago kan fún gbogbo èèyàn.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọjà tí kò tà, ṣé ìsọ̀ inú rẹ̀ lèèyàn ń wó ni?"

"Ọjà tí kò lérò, bí ẹ bá la ẹnu ọ̀nà méje sí i, ẹnu ọ̀nà ló máa pọ̀."

Kò gbà. Odò kẹjọ ló ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kó tó parí, ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, àwọn tó kówó sílẹ̀ yọwọ́. Wọ́n ní ohun tí àwọn ẹ̀rọ tó gbé eré náà ró ń jẹ ti ju ohun tó ń mú wálé lọ, kí wọ́n pa á lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n dá owó oníkálukú padà. Awakọ̀ kọ̀wé: "Owó mi ti dé, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó kọ́ lẹ ní ẹ jẹ mí."

Màmá ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní kó gbàgbé, pé òkú eré kì í pe èèyàn lẹ́jọ́. Ó dá a lóhùn pé òun ò bá eré ṣàdéhùn, èèyàn lòun bá ṣe é.

Ó wá orúkọ àwọn mẹ́rìndínlógójì yẹn jáde, ó kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó jọ èkejì, àfi ìpè inú wọn: Ọjọ́bọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, odò àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ò fèsì. Ẹnì kan bú u. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, ó sì tún aago náà kọ sísàlẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́bọ dé, tábìlì ti ń ṣófo, ọ̀gá ń ká wáyà sínú páálí. Aago mẹ́rin lù. Awakọ̀ ti dé èbúté, ó páàkì ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó lè ṣeré. Pẹ̀lú rẹ̀, èèyàn mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, mẹ́jọ náà ṣì ni. Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun kúkú ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí. Màmá mọ ohun tó kàn: ọ̀kan á kúrò, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e.

Òfin iléeṣẹ́ ni pé òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ bá oníbàárà ṣeré, kí wọ́n má baà sọ pé èrò ayédèrú ni wọ́n kó jọ. Ọ̀gá ló ṣe òfin náà, òfin ọmọlúàbí sì ni. Màmá fa àga.

"Èmi ni ìkẹsàn-án. Ẹ ju wáyà yẹn sílẹ̀."

"Òfin ńkọ́, Màmá?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn." Ó kọ ọ́ sójú gbogbo wọn pé òṣìṣẹ́ méjì ń bọ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn wí. Àwọn mẹ́jọ náà dúró.

Ọ̀gá ju wáyà sílẹ̀, òun ni ìkẹwàá. Ó jókòó.

Ọkọ̀ ṣí. Ọkọ̀ ojú omi tí awakọ̀ wà ni Màmá bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ, kò wa ọkọ̀ yìí rí. Bí àwọn tó kù bá tì í síwájú, òun a fà á sẹ́yìn. Awakọ̀ kọ: "Ta ló ń fi síbí ro ọbẹ̀ lẹ́yìn mi?" Màmá ní òun ni, kó má bojú wẹ̀yìn.

Ìṣẹ́jú méje ni eré náà. Ọkọ̀ wọn fi ìdajì odò kẹ́yìn. Awakọ̀ kọ ìlà kan kó tó padà sójú títì:

"Wọ́n lù wá bí ẹní lu bàrà. Ẹ ò jẹ mí mọ́."