Àlàájì Gbé Aago Mọ́sáláṣí Wa Sínú Oòrùn

Omi ìṣínu ò tíì gbẹ lẹ́nu mi, ẹ jẹ́ n bínú!

Èmi ni mo tún aago mọ́sáláṣí wa ní Ìtamágà, ní Ìkòròdú, ṣe lọ́dún tó kọjá. Mo kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbé e sínú oòrùn. Òkúta kírísítà kan wà nínú ẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n déédéé ni aago fi ń ka ìṣẹ́jú. Tí ooru bá ń mú un lójoojúmọ́, aago á máa fà sẹ́yìn.

Àlàájì tó ra aago náà gbé e lọ sógiri ìta, kí èrò ọ̀nà lè rí orúkọ Àlàájì fúnra wọn tí wọ́n kọ sára ẹ̀.

Lónìí, gbogbo mọ́sáláṣí yòókù ti pe ìrun. Ládàánì tiwa ní aago ò tíì tó.

Mo ní, "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ló ba aago yìí jẹ́."

Wọ́n ní, "Ṣé aago náà ń gbààwẹ̀ ni, tóòrùn fi ń pa á?"

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín! Bàbá arúgbó kan di èso dàbínù tí wọ́n fẹ́ fi ṣínu mú.

Oòrùn ti wọ̀ lójú gbogbo wa, a ṣì jókòó, à ń wo aago.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ bá mi bi Àlàájì: ṣé orúkọ wọn ni ká fi ṣínu ni?